Àwọn Abọ́lọ́rùn Ni Kò Kú

Òórùn ló kọ́kọ́ sọ fún Alice pé nǹkan ti bàjẹ́.

Ẹ lè bi mí pé ilé adìyẹ wo ni kì í rùn. Ti Alice kì í rùn. Láti ìgbà tí Obadiah ọkọ rẹ̀ ti kú, tó fi òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé kan ní Sabon Gari, iṣẹ́ tí obìnrin yìí gbájú mọ́ ní ẹ̀yìnkùlé ni pé kó máa ṣa adìyẹ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Èyí tó bá ń jẹ àjẹkì, tó ń mu omi bí ẹni ń bá kànga jà, tó sì ń ṣu ìgbẹ́ olómi káàkiri, inú ọbẹ̀ ló ń lọ. Èyí tó bá ń jẹ díẹ̀, tó ń yé ẹyin dáadáa, tí ìgbẹ́ rẹ̀ sì gbẹ bí eérú, òun ló ń dá sí fún irú. Abọ́lọ́rùn ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn adìyẹ ìbílẹ̀ tí kò ní ìyẹ́ lọ́rùn rárá, tí ẹni tí kò mọ iyì wọn máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín lọ́jà. Ọrùn ìhòòhò yẹn ni ooru Kano ń gbà jáde lára wọn. Ìgbẹ́ gbígbẹ kì í pe eṣinṣin, kì í tú èéfín tó ń ta ojú ará àdúgbò, kì í sì í ba omi kànga jẹ́. Adìyẹ tó ń jẹ díẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n máa ṣán igbó tuntun lọ́dọọdún nítorí àgbàdo rẹ̀.

"Adìyẹ á máa gbé ayé o," ni Alice máa ń wí, "ṣùgbọ́n kó má jẹ ayé tán."

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ yìí, òórùn náà pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. Ó sáré. Ilé adìyẹ rẹ̀ pín sí yàrá méjì. Yàrá òsì ló ń kó àwọn àgírííkì tó rà lọ́jà sí, àwọn tí ìyẹ́ bò lọ́rùn bámúbámú, kó lè máa fi wọ́n wé tirẹ̀. Gbogbo wọn ló ti kú. Wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n la ẹnu, ilẹ̀ abẹ́ wọn sì tutù rinrin. Ní yàrá ọ̀tún, àwọn abọ́lọ́rùn ṣì wà ní ìdúró, ṣùgbọ́n àgbà àkùkọ tí gbogbo wọn ti ara rẹ̀ jáde fi èjìká ti ògiri bí ọ̀mùtí.

Ẹ̀rù ba Alice, kì í ṣe ẹ̀rù kékeré. Ó dá a lójú pé ẹnì kan ló fún wọn ní májèlé, ló bá fóònù àgọ́ ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n kí ọlọ́pàá tó dé, fóònù mìíràn wọlé. Dókítà Bàláràbé ni, oníṣègùn ẹran ti ìjọba, ó ń sọ Haúsá jẹ́jẹ́ bí ẹni ń bá olóòkú sọ̀rọ̀. Ó ní ẹnì kan ti fóònù sọ fún àwọn. Ó ní òun ń bọ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Bí kò bá rí ìdí mìíràn tí adìyẹ fi lè kú bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé lùkúlùkú tó ń ran ènìyàn ni, gbogbo ohun tó ní ìyẹ́ nínú ọgbà náà ni wọn yóò sì pa, tí wọn yóò sun.

"Àti àwọn tí ara wọn le?"

"Àti ẹyin pàápàá, Madam. Ki yi hakuri, ẹ ṣe sùúrù."

Alice gbé fóònù sílẹ̀. Bí wọ́n bá sun àwọn abọ́lọ́rùn wọ̀nyí, kò sí ibi tí yóò ti tún irú wọn rí, nítorí irú tí òun fi ọwọ́ ara òun ṣà yìí kò sí níbòmíràn láyé.

*

Inspẹ́kítọ̀ Olúfúnlọ́lá Ṣótúndé dé pẹ̀lú kúlíkúlí nínú àpò ṣòkòtò. Obìnrin kúkurú ni. Ẹnu rẹ̀ ń sáré, ojú rẹ̀ kì í sáré. Ní àgọ́ wọn, wọ́n ní kì í béèrè lọ́wọ́ ènìyàn pé kí lo ṣe. Ohun tó máa ń béèrè ni pé kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù. Ó gbà pé ẹni tó ń purọ́ nípa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kì í rántí láti purọ́ nípa ẹ̀rù rẹ̀.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé adìyẹ, ó wo ilẹ̀. Alice ti fọ́n ẹfun síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ àná, bó ti máa ń ṣe, kí kòkòrò àrùn má bàa tẹ̀lé bàtà wọlé.

"Ẹsẹ̀ ta nìyí?"

"Tèmi ni, ti àárọ̀ yìí."

"Ti ẹlòmíràn dà?"

"Kò sí."

"Ta ló ní kọ́kọ́rọ́?"

"Ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi, ọ̀kan ń kọ́ ní kíṣìnnì. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ló ń wọbẹ̀, Madam. Mo ti fi òfin de gbogbo ènìyàn."

"Wọ́n ń pa á mọ́?"

"Báyìí, wọ́n ń pa á mọ́."

Inspẹ́kítọ̀ fẹ́ béèrè ohun tí "báyìí" ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ìyá àgbàlagbà kan yọ sí wọn. Ìyá Obadiah ni, tí Alice ń pè ní Màmá, ọmọ àwọn tí iṣẹ́ rélùwéè gbé wá sí Kano láyé àtijọ́, àgbà nínú ìjọ Àládùúrà tó wà lọ́nà Railway Quarters. Ó wọ sùtánà funfun, kò wọ bàtà, ààwẹ̀ sì ti gbẹ ètè rẹ̀.

"Màmá, ẹ kú ààwẹ̀ o."

"Olúwa á gbà á, ọmọ mi. Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Àwọn tó ṣẹ́kù ò ní kú, mo ti fi wọ́n lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

"Kí ló ń bà yín lẹ́rù, Màmá?"

"Àrùn yìí ni. Ṣé ẹ̀yin ò gbọ́ ni? Ó ti wọ Kano."

Alice wo ilẹ̀. Inspẹ́kítọ̀ fọ́ kúlíkúlí kan lẹ́nu.

*

Ìròyìn ti gba àdúgbò kan. Àwọn tó máa ń kí Alice láràárọ̀ ti gba òdìkejì ọ̀nà, wọ́n fi gèlè àti fìlà bo imú. Ìyá kan ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ pé, "Kada ku je wurin! Ẹ má lọ síbẹ̀!" Àwọn ọmọ náà sì dúró lókèèrè, wọ́n ń wo géètì rẹ̀ bí ẹni pé ejò fẹ́ jáde níbẹ̀. Ohun tó ba Alice lẹ́rù jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé wọn kò jẹ̀bi. Bó bá jẹ́ àrùn yẹn ni lóòótọ́, òun náà ti fi ọwọ́ kan òkú adìyẹ, òun ni yóò sì kọ́kọ́ ràn.

Inspẹ́kítọ̀ ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jáde. Ẹni tó bá fẹ́ bá sọ̀rọ̀, kó wá dúró sẹ́yìn géètì. Kàdírì ló kọ́kọ́ dé, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Kano, tó ń ta oúnjẹ adìyẹ lọ́jà Sabon Gari.

"Alhaji, wọ́n ní ẹ sọ pé bí gbogbo ènìyàn bá ń sin irú adìyẹ yìí, yanrìn lẹ ó máa jẹ."

"Haba, Madam! Àwàdà ni, wallahi. Oníṣòwò tí kì í ráhùn, ṣé oníṣòwò nìyẹn?"

"Ẹ gbé fíìdì tuntun wá fún un lánàá."

"Mo gbé e wá. Fíìdì yẹn náà ni mo gbé fún Seth, ẹ lọ wo adìyẹ Seth."

"Kí ló ń bà yín lẹ́rù?"

Kàdírì bojú wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Pé kí wọ́n má lọ sọ pé fíìdì mi ló pa wọ́n. Bí ọ̀rọ̀ yẹn bá dé ọjà, mo gbé nìyẹn. Ẹ ṣàánú mi."

Alice di irin géètì mú. Wọ́n ní ẹni tó gbé adìyẹ òtòṣì, ti aláròyé ló gbé, àròyé sì ti kún un lẹ́nu, ṣùgbọ́n Inspẹ́kítọ̀ fi ojú dá a dúró.

Seth ni wọ́n pè tẹ̀ lé e. Fẹ́ǹsì kan ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti ti Alice. Àgírííkì lòun ń sìn, òórùn wọn sì ti dá ìjà sílẹ̀ ládùúgbò lọ́pọ̀ ìgbà. Gbogbo ẹni tó bá bá a jà ló ń sọ fún un pé kó lọ kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ Ìyá Ògo, bí wọ́n ṣe ń pe Alice nìyẹn, nítorí Ògo ọmọ rẹ̀ tó wà ní yunifásítì ní Zaria.

"Ìwọ lo fóònù Dókítà," ni Inspẹ́kítọ̀ wí. Kò fi ṣe ìbéèrè.

"Èmi ni."

"O fẹ́ kí wọ́n pa adìyẹ rẹ̀."

"Mo fẹ́ kí wọ́n dá tèmi sí ni! Ìyá Ògo, abeg, ẹ má bínú. Bí àrùn bá fo fẹ́ǹsì yẹn lónìí, tèmi tán lọ́la. Ìyàwó mi lóyún." Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ń sún sẹ́yìn bó ti ń sọ̀rọ̀. "Mo gbóòórùn yẹn láàárọ̀. Ilé yín kì í rùn."

Nígbà tó lọ, Alice ní, "Ó kórìíra mi."

"Bóyá ó kórìíra yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi májèlé pa adìyẹ kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe oníṣègùn kó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Oúnjẹ ńkọ́? Ṣé ọ̀kan náà lẹ fún yàrá méjèèjì?"

"Ọ̀kan náà ni."

"Á jẹ́ pé Kàdírì náà lè lọ sinmi."

Oòrùn ti gòkè. Mọ́sálásí ti ń pe ìrun. Adìyẹ bà lókùn ni ọ̀rọ̀ Alice, kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti jókòó, kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti dúró.

*

Inspẹ́kítọ̀ wọ ìbọ̀wọ́, ó fi aṣọ di imú, ó gbé ọ̀kan nínú àwọn òkú adìyẹ. Ó wá àpò tó wà nísàlẹ̀ ọrùn, níbi tí adìyẹ ń kó oúnjẹ sí kí ó tó dà. Ó wú. Ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, omi sì tú jáde lẹ́nu adìyẹ náà. Kò sí hóró àgbàdo kan nínú rẹ̀. Ó gbé òmíràn, omi náà ni.

"Ìyá Ògo, ẹ bá mi sọ ọ́ bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Kí ni àwọn abọ́lọ́rùn yìí fi yàtọ̀ sí àwọn tó kú?"

"Wọn kì í jẹun púpọ̀."

"Àwọn tó kú yìí náà ò jẹun. Kí ni mìíràn?"

"Ìgbẹ́ wọn gbẹ. Ooru kì í mú wọn, afẹ́fẹ́ ń gba ọrùn wọn."

"Ẹni tí ooru ò mú, kí ni kì í ṣe?"

Alice ní, "Kì í mu omi púpọ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Àrùn kì í wo ọrùn adìyẹ kó tó pa á. Oúnjẹ wọn kò yàtọ̀. Ẹni tó mu omi jù ló kọ́kọ́ kú. Níbo ni omi wọn ti ń wá?"

Táǹkì dúdú kan wà níta, lórí búlọ́ọ̀kù, lábẹ́ fèrèsé Màmá. Páìpù ló so ó mọ́ yàrá méjèèjì. Inspẹ́kítọ̀ ṣí ẹ̀rọ rẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fi ìka kan omi náà. Ó dúró díẹ̀. Alice rí i pé ẹ̀rù ń ba òun náà.

"Madam, ẹ má ṣe! Májèlé ni!"

Inspẹ́kítọ̀ ti fi ìka kan ahọ́n. Ó dijú. Nígbà náà ni Inspẹ́kítọ̀ tutọ́ sílẹ̀, ó nu ẹnu.

"Iyọ̀ ni."

"Iyọ̀ kẹ̀?"

"Iyọ̀ ọbẹ̀. Ẹ tọ́ ọ wò."

Alice tọ́ ọ wò, ó sì dà bí omi ojú lẹ́nu rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n. Ó kà á níwèé, ó sì ti fi kọ́ ẹlòmíràn rí, pé iyọ̀ tó bá pọ̀ lápọ̀jù nínú omi á máa gbẹ adìyẹ lọ́fun, adìyẹ á máa mu ún sí i, títí omi náà á fi pa á. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í rí ohun tó wà nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe wo òkú wọn láàárọ̀ tí kò rántí nǹkan kan. Inú rẹ̀ fẹ́ dùn. Kì í ṣe àrùn!

"Ta ló kórìíra mi tó báyìí?" ni ó béèrè.

"Ibẹ̀ lẹ ti ṣì í." Inspẹ́kítọ̀ jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. "Ẹni tó fẹ́ pa adìyẹ, májèlé eku kún ọjà, kí ló fẹ́ fi iyọ̀ ṣe? Bó bá jẹ́ ará ìta, á já kọ́kọ́rọ́. Bó bá jẹ́ ará ilé, á mú ti kíṣìnnì, á wọlé. Ẹni yìí ò wọlé. Ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má wọlé, ó sì dúró síta, ó ṣe ohun tó fẹ́ ṣe láti ìta. Ọ̀tá wo ló ń pa òfin ilé yín mọ́, Ìyá Ògo? Ẹni tó fẹ́ràn yín ni. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà nítorí àwọn adìyẹ yín ni. Ta ló ń fi iyọ̀ gbàdúrà nínú ilé yìí?"

Alice yíjú sí fèrèsé Màmá. Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, àwọn ọmọ ìjọ Màmá máa ń gbé iyọ̀ àti omi wá síwájú pẹpẹ, wọ́n á gbàdúrà sí i, wọ́n á sì gbé e lọ sílé fún ààbò.

"Màmá ni," ló wí, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń sùn lọ.

Fèrè ọkọ̀ dún lẹ́nu géètì.

*

Dókítà Bàláràbé wọlé pẹ̀lú àwọn ọkùnrin tó wọ aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, tí ojú nìkan hàn lára wọn. Wọ́n gbé àpò dání àti gálọ́ọ̀nù kẹrosíìnì. Nígbà tí Alice rí gálọ́ọ̀nù yẹn, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé adìyẹ.

Inspẹ́kítọ̀ ti ń sọ ohun tó rí fún Dókítà ní Haúsá. Dókítà tẹ́tí sílẹ̀, ó mi orí.

"Gishiri? Ó lè jẹ́ iyọ̀, ó lè jẹ́ iyọ̀ àti àrùn. Ẹ sọ fún mi ẹni tó dà á síbẹ̀ àti ìdí tó fi dà á. Bí n kò bá gbọ́ ọ láti ẹnu rẹ̀, mi ò lè fi ẹ̀mí ará àdúgbò ta tẹ́tẹ́."

Wọn ò ní láti pe ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí, Màmá sì jáde nínú sùtánà rẹ̀, ó gbé abọ́ iyọ̀ dání, ó dorí kọ táǹkì náà tààrà. Ó ti gbọ́ fèrè ọkọ̀, ó sì ti mọ ohun tí wọ́n bá wá.

"Màmá, ẹ má dà á!"

"Fi mí sílẹ̀, Alice. Àwọn tó kù ni mo fẹ́ gbà sílẹ̀." Ó kọjú sí Dókítà, ó sì yí ọ̀rọ̀ sí Haúsá kó má bàa sọ pé òun ò gbọ́. Ó ní òun lòun da iyọ̀ àdúrà sínú omi lánàá, kí àrùn má bàa wọlé. Ó ní òun ò tẹ ẹsẹ̀ sínú ilé adìyẹ o, nítorí ìyàwó òun ti kìlọ̀. Ó ní ṣé wọn ò rí i pé àwọn kan ṣì wà láàyè ni? Bí kì í bá ṣe iyọ̀ òun, gbogbo wọn ni ì bá kú.

Dókítà sún mọ́ táǹkì, ó tọ́ omi náà wò, ó wọlé lọ wo àwọn abọ́lọ́rùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó la ẹnu wọn, ó sì gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára wọn. Nígbà tó jáde, ó ní kí wọ́n gbé kẹrosíìnì padà sínú ọkọ̀. Òun á gbé àwọn òkú lọ fún àyẹ̀wò. Kí Alice da omi táǹkì nù, kó máa fún àwọn alààyè ní omi tútù díẹ̀díẹ̀, kó má fún wọn ní púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Kò sí pípa lónìí," ló wí.

Alice bú sẹ́kún bí ọmọdé.

Màmá ń wo ojú gbogbo wọn. Ó wo abọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó yé e, ṣùgbọ́n nígbà tó yé e, ó fi ọwọ́ wá ògiri, ó sì jókòó sílẹ̀.

"Èmi ni mo pa wọ́n," ló wí.

Inspẹ́kítọ̀ ti dé géètì, ó tún padà.

"Ìbéèrè kan ló kù, Màmá. Mo bi Dókítà. Kò sí lùkúlùkú kankan ní Kano. Ta ló sọ fún yín pé ó ti dé?"

Màmá gbé ojú sókè wo Alice.

Alice mọ̀ pé òun lè purọ́. Ó rí i lójú Inspẹ́kítọ̀ pé obìnrin náà ti mọ̀, àtìgbà tí òun ti wo ilẹ̀ láàárọ̀.

"Èmi ni," ni Alice wí. "Wọ́n máa ń wọ sílípáàsì ọjà wọ ilé adìyẹ. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbọ́. Mo wá sọ fún wọn pé àrùn ti dé. Mo ní... mo ní àwọn àgbàlagbà ló ń kọ́kọ́ pa."

"Ẹ̀rù sì bà wọ́n, wọ́n sì gbọ́." Inspẹ́kítọ̀ di ẹnu àpò kúlíkúlí rẹ̀. "Kò sí ẹ̀sùn tí mo lè fi kan ẹnikẹ́ni níbí. Ẹ kú ilé o."

Ọkọ̀ lọ. Alice da omi táǹkì nù, ó fún àgbà àkùkọ ní omi tútù, ó sì rí i tó gbé orí sókè, tó gbé e mì. Nígbà náà ló wọ kíṣìnnì, ó bu omi sínú ife, ó gbé e lọ fún Màmá, kó fi ṣínu. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

Màmá gbà á. Ó gbé e sún mọ́ ẹnu, ó sì dúró.

"Alice."

"Mà."

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Omi ni, Màmá. Omi lásán ni."

Màmá wo omi náà, ó wo ojú rẹ̀, ó sì gbé ife náà sílẹ̀ láìmu ún.